Mo Wọ Ẹ̀wù Ẹni Ìkẹyìn

Ẹ má bínú bí mo bá ń rẹ́rìn-ín láàárín ìtàn yìí. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Tí mo bá fẹ́ sunkún pàápàá, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi, ó sì ti kó bá mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, nítorí èmi àti pátákó ìkọ̀wé kò gbọ́ra wa yé. Iṣẹ́ àtúnṣe alùpùpù ni mò ń kọ́ lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi, ẹni tí mò ń pè ní Bọ̀ọ̀dá. Bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin ni mí. Ìjàngbọ̀n ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè mí, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi ju èyí tí àwọn òbí mi sọ mí lọ.

Bọ̀ọ̀dá wà nínú ẹgbẹ́ kan tó máa ń gun alùpùpù rìnrìn àjò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Lọ́dún yìí, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ fi gun orí òkè, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì la pẹ̀tẹ́lẹ̀ já. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Bí o bá mú ọmọ yìí lọ, tó sì ṣe bó ṣe ń ṣe," ni ìyá mi sọ fún un, "ilé ẹ̀gbọ́n mi ló ń lọ lọ́sẹ̀ kejì."

Alágbàfọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí. Kì í rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó ní ẹ́ńjìnnì nílé rẹ̀ àfi ẹ̀rọ ìfọṣọ.

"Mo dúró fún un," ni Bọ̀ọ̀dá fèsì. "Tó bá ṣe wàhálà, èmi ni kí ẹ mú."

Ó fún mi ní alùpùpù rẹ̀ àtijọ́ kí n gùn ún. Ó ní bí a bá lọ tí a bọ̀ láìsí ẹjọ́, tèmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rìn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Mọ́kànlá ni wá. Ọ̀gá Iwájú ló ń ṣáájú, ọkùnrin kan tó ti wa tírélà fún ọgbọ̀n ọdún. Bọ̀ọ̀dá ló ń kẹ́yìn nítorí òun ni mẹkáníìkì. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá dákú, Bọ̀ọ̀dá á bá a lójú ọ̀nà. Òun nìkan ló ń wọ ẹ̀wù péńpé aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe títì máa ń wọ̀.

Tí Ọ̀gá Iwájú bá fẹ́ yà ní oríta, ẹni tó tẹ̀ lé e gan-an á dúró síbẹ̀, á na ọwọ́ sí ibi tí a máa gbà. Òpó là ń pè é. Òpó kì í ka orí; kò kàn gbọdọ̀ kúrò lójú kan títí á fi rí i tí ẹ̀wù ọsàn ń bọ̀. Nígbà náà ló máa ṣíná sí ẹ̀rọ rẹ̀, tó máa lọ.

Bí o bá sì dé oríta tí o ò bá òpó níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ò yà. Tààrà ni kí o máa lọ. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ lórí òkè, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni. Òfin méjì yìí ló ti ń kó wọn lọ, tó sì ń kó wọn bọ̀, fún ọdún méjìlá.

Lọ́jọ́ kìíní, mo so agogo kékeré kan mọ́ abẹ́ ìjókòó alùpùpù Ọ̀gá Iwájú. Gbogbo gegele ló ń mú un dún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró tó ń wo ẹ́ńjìnnì. Níkẹyìn, Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀, ó rí agogo, ó yíjú wò mí.

"Ọ̀gá," ló wí, "ó jọ pé ẹ̀rọ yín fẹ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí, Ọ̀gá Iwájú náà rẹ́rìn-ín. Mo wá rò pé mo ti ríbi tí wọ́n ti mọ iyì mi.

Nígbà tí a dúró jẹun ọ̀sán ni ìdánwò dé. Bọ̀ọ̀dá Búrẹ́dì, ẹni tó ní ilé búrẹ́dì ní àdúgbò wa, ló ń sọ̀rọ̀ nípa Bàbá Télọ̀. Télọ̀ ni bàbá yìí lóòótọ́, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀, kì í yára sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ò tíì rí òpó," ni Bọ̀ọ̀dá Búrẹ́dì wí. "Lọ́dún kan, yìnyín bọ́ lu Bàbá Télọ̀ lórí fún odindi wákàtí. Wọn ò gbé ọwọ́ wálẹ̀. Nígbà tí a máa fi débẹ̀, ẹyẹ ti fẹ́ kọ́lé sí wọn lápá."

"Ẹyẹ kọ́," ni Bàbá Télọ̀ wí. "Aláǹgbá ni."

"Bàbá, bí wọ́n bá wá sọ fún yín pé ilé yín ń jó ńkọ́?"

"Ṣé ẹ̀wù ọsàn ti kọjá?"

"Rárá."

"Jẹ́ kó máa jó."

Ẹ̀rín pa wá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni ọwọ́ ti ń yún mi. Ọkùnrin tí yìnyín ò lè ṣí nídìí. Mo ní, ta ló máa wá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa ṣí i?

Bọ̀ọ̀dá ní ẹ̀wù ọsàn kejì nínú àpótí irinṣẹ́. Èmi ni mò ń di àpótí yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ̀ ọ́, mo gbé jákẹ́ẹ̀tì dúdú mi lé e, mo fa síìpù dé ọrùn.

Orí òkè tutù, kùrukùru sì bò ó dáadáa. Nígbà tí a ku díẹ̀ ká dé oríta tó wà lókè pátápátá, ṣéènì Àǹtí Nọ́ọ̀sì já kúrò. Nọ́ọ̀sì ni àǹtí yìí, kì í sì dákẹ́. Kódà nínú akoto rẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Bọ̀ọ̀dá dúró tì í. Èmi ni mo wà níwájú wọn, mo fẹ́ dúró.

"Máa lọ," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Má jẹ́ kí wọ́n jìnnà sí ẹ."

Mo wo dígí mi. Kò sẹ́ni lẹ́yìn mi mọ́, àfi kùrukùru. Mo fa síìpù sílẹ̀.

Ó ku bí ìdajì pápá bọ́ọ̀lù kí n dé oríta ni mo rí òpó. Bàbá Télọ̀ ni. Ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó na apá ọ̀tún bí ẹni tí wọ́n fi igi gbẹ́. Mo ṣí jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù ọsàn tàn yòò, mo gbé ọwọ́ sókè bí Bọ̀ọ̀dá ṣe máa ń gbé e.

Ó gbé tirẹ̀ náà sókè. "Ó pé," ni mo gbọ́ tó pariwo. Ó ṣíná, ó yà sí ọ̀tún, ó lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rẹ́rìn-ín débi pé omi bo dígí akoto mi. Ohun tí mo pinnu ni pé màá lé e bá ní kọ́nà àkọ́kọ́, màá fọn fèrè, màá fi ẹ̀wù hàn án, á bú mi, á sì padà sí oríta kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé.

Mo fa síìpù padà sókè nítorí òtútù, mo tẹ̀ lé e.

Kọ́nà méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà lójú ọ̀nà yẹn, àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Bàbá Télọ̀ ń sáré kó lè bá àwọn tó wà níwájú. Ní kọ́nà kìíní, mi ò bá a. Ní kọ́nà kẹta, kùrukùru gbé e mì. Mo ní kọ́nà tó kàn. Mo tún ní kọ́nà tó kàn. Mo lè yí padà kí n lọ dúró ní oríta fúnra mi, mi ò sì ní purọ́ fún yín, ó wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n eré náà ṣì ń dùn mọ́ mi. Mo ti ń gbọ́ bí wọn á ṣe máa sọ ọ́ níwájú mi lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tí mo máa fi dé ìsàlẹ̀, mo ti lo ogójì ìṣẹ́jú.

Oòrùn ni mo bá níbẹ̀. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ tẹ́ lọ títí ojú ò fi rí òpin rẹ̀, ilé epo kan ṣoṣo sì dá dúró lẹ́bàá títì. Ó ní yàrá ìjókòó kan: bẹ́ǹṣì gígùn, tábìlì kan, fáànù tí kò yí, kàlẹ́ńdà ọdún méjì sẹ́yìn. Gbogbo ẹgbẹ́ ti bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń mu tíì. Wọ́n rò pé Bàbá Télọ̀ ló yà mí sílẹ̀ nínú kùrukùru, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan.

Èmi náà fẹ́ bọ́ tèmi kí n fi ẹ̀wù han gbogbo ayé. Mo fa síìpù. Kò ṣí. Mo tún fà á. Ó ti gé ẹ̀wù ọsàn jẹ lábẹ́ àyà mi, kò sì ní tu ú.

"Ìjàngbọ̀n, ooru ò mú ẹ ni?" ni Bọ̀ọ̀dá Búrẹ́dì bi mí.

"Ara mi ò yá," ni mo wí. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ kìíní nìyẹn.

Mo ní lọ́kàn mi, Bọ̀ọ̀dá á lọ tààrà, á rí i pé kò sẹ́ni kankan níwájú, á padà. Ogún ìṣẹ́jú ni. Màá jẹ́ kí wọ́n dé, màá wá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, a ó jọ rẹ́rìn-ín.

Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ogún mìíràn kọjá.

Ọ̀gá Iwájú gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀. Ó ka orí wa. "Mẹ́sàn-án," ló wí. "Bàbá Télọ̀, ta ló kọjá gbẹ̀yìn lójú yín?"

"Ẹ̀wù ọsàn ni."

"Ó dá yín lójú?"

"Mo rí i bí mo ṣe ń rí ẹ yìí. Ó gbé ọwọ́ sí mi."

"Á jẹ́ pé lórí kọ́nà ni wọ́n wà."

Gbogbo wọn mọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́nà yẹn. Bí Bọ̀ọ̀dá bá ti kọjá oríta tí kò sì dé ìsàlẹ̀, ibì kan ṣoṣo ló lè wà.

Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ wá a nìkan. Ibi tí kò sí ni wọ́n fẹ́ lọ wá a, èmi nìkan ni mo sì mọ ibi tó wà.

Mo la ẹnu.

"Ìjàngbọ̀n, jọ̀ọ́," ni Ọ̀gá Iwájú wí kí n tó sọ̀rọ̀, "má dá wa lẹ́rìn-ín lónìí."

Mo pa ẹnu dé. Ká ní mo sọ ọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, eré ni. Ká ní mo sọ ọ́ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ní báyìí, mi ò mọ orúkọ tó ń jẹ́ mọ́. Mo rí ilé alágbàfọ̀ lójú mi. Mo rí Bọ̀ọ̀dá tó ń sọ pé òun dúró fún mi.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn. Bàbá Télọ̀ náà dìde.

"Ẹ jókòó, bàbá," ni Ọ̀gá Iwájú wí, kò wò ó lójú. "Ẹ bá wa wo ọmọ yìí. Ó ń làágùn bí ẹni tí ibà mú."

Bí wọ́n ṣe lọ, mo sá wọ ilé ìtọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ọwọ́ méjèèjì fa síìpù títí èékánná mi kan fi ṣẹ́. Mo gbìyànjú láti fa jákẹ́ẹ̀tì náà gba orí bọ́ bí ẹni bọ́ bùbá. Ó dé etí mi, ó há. Mo dúró nínú òkùnkùn jákẹ́ẹ̀tì, apá mi méjèèjì lókè, mi ò lè bọ́ ọ, mi ò lè wọ̀ ọ́ padà, mò ń gbọ́ èémí ara mi. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí mo jáde, Bàbá Télọ̀ ti gbé kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ń wò ó.

"Bá mi fún Ọ̀gá tó bá dé," ló wí. "Mi ò gùn ún mọ́."

"Kí ló dé, bàbá?"

"Láti ọdún tó kọjá, ìyàwó mi ló ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló máa gbé aṣọ fún télọ̀ tí kò rí ojú abẹ́rẹ́?" Ó nu ojú rẹ̀. "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ewé gbígbẹ ni mo rí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná ẹ̀rọ ẹlòmíì. Mo ní ó pé. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ pé ó pé."

"Ẹ rí i dáadáa, bàbá."

"Kí lo mọ̀ nípa ẹ̀?"

Fóònù rẹ̀ dún. Bọ̀ọ̀dá Búrẹ́dì ni. A jọ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní àwọn rí ibi tí irin ẹ̀gbẹ́ títì ti ya ní kọ́nà kẹsàn-án, níbi tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ó ní àwọn ò rí ìsàlẹ̀, Ọ̀gá sì ti so okùn mọ́ òun ní ìbàdí, òun ló máa sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó.

Bọ̀ọ̀dá Búrẹ́dì ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Ó sanra. Mi ò tíì rí i kó gun àkàsọ̀ rí.

Bàbá Télọ̀ gbé fóònù sílẹ̀. Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, o máa kú sínú jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Wá."

"Ó ti há, bàbá. Ẹ fi í sílẹ̀."

"Ṣé síìpù ni mo máa fi sílẹ̀? Iṣẹ́ mi ni."

Ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó mú ègé ọṣẹ kan lápò, irú èyí tí àwọn télọ̀ fi ń sàmì sí aṣọ, ó ń fi pa eyín síìpù náà lókè àti nísàlẹ̀. Ó gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀. Orí rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n mi, mò ń wo irun funfun inú rẹ̀.

"Aṣọ kan ló há sí i léyín," ló wí. "Gbé àgbọ̀n sókè."

Mo gbé e sókè. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó rọra fa etí aṣọ náà jáde díẹ̀. Ó fi ìka méjì pa á bí ẹni tó fẹ́ mọ irú òwú tí wọ́n fi hun ún. Kò gbójú sókè.

"Àwọ̀ wo nìyí?" ló bi mí.

Mo di etí tábìlì mú.

"Mo bi ẹ́. Àwọ̀ wo nìyí?"

"Ọsàn ni, bàbá."

"Bí ojú mi ṣe rí i náà nìyẹn."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Ta ló kọjá níwájú mi lórí òkè?"

"Èmi ni."

"Bọ̀ọ̀dá rẹ dà?"

"Ṣéènì Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló já, wọ́n dúró tì í. Wọn ò tíì dé oríta nígbà tí ẹ kúrò. Wọ́n á ti lọ tààrà."

"Tààrà." Ojú rẹ̀ yí padà. "Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta láyé àtijọ́ nìyẹn. Wọ́n ti gbẹ́ títì yẹn lọ. Ó kàn gé ni, bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ gé e."

Mo retí ìgbájú. Ìgbájú ìbá tù mí lára. Fóònù ló nà sí mi.

"Ẹnu rẹ ni wàá fi sọ ọ́. Sọ fún wọn kí wọ́n fa ọkùnrin yẹn jáde nínú ọ̀gbun."

Ọ̀gá Iwájú gbé e. Mo sọ ọ́. Mo kó o jáde lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ̀wù, oríta, ọwọ́ tí mo gbé sókè, ọ̀nà tààrà.

"Tún un sọ," ni Ọ̀gá Iwájú wí. "Mo ti fi sí gbangba. Kí gbogbo wọn gbọ́."

Mo tún un sọ. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo sì mọ̀ pé Bọ̀ọ̀dá Búrẹ́dì ni, wọ́n ti ń fà á padà sókè. Òun ló sọ̀rọ̀. Kò pariwo.

"Ìjàngbọ̀n, mo ti ń dágbére fún àwọn ọmọ mi lọ́kàn."

Bàbá Télọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní kí n gun ẹ̀yìn òun. A gun gbogbo kọ́nà méjìdínlọ́gbọ̀n náà padà. Síìpù ṣì wà bó ṣe wà. Inú ẹ̀wù yẹn ni mo wà lọ.

Nígbà tí a dé ibi òkúta náà, àwọn tó kù ti gbé ẹ̀rọ kúrò lára Bọ̀ọ̀dá. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló wà níwájú nínú kùrukùru. Ó rí i lójijì pé ọ̀nà ti tán, ó tẹ bíréèkì. Bọ̀ọ̀dá tó wà lẹ́yìn ya ẹ̀rọ rẹ̀ kó má baà gbá a sínú kòtò. Ó ṣubú, ẹ̀rọ náà sì há ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ àpáta, etí kòtò gan-an. Ó wúwo ju ohun tí Àǹtí lè gbé. Bó bá sì fi í sílẹ̀ lọ wá èèyàn, ẹ̀rọ náà tó ti ń yọ̀ lè wọ́ ọ lọ sínú kòtò. Nítorí náà, ó jókòó lé táyà ẹ̀yìn. Ó jókòó lé e fún wákàtí mẹ́ta.

Òun ló kọ́kọ́ rí mi. Àǹtí tí kì í dákẹ́, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó rìn wá bá mi, ó fọ́ mi létí. Ìgbájú tí mo ti ń retí láti ọ̀sán, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti gbà á.

Bọ̀ọ̀dá dùbúlẹ̀ sórí jákẹ́ẹ̀tì àwọn èèyàn. Ojú rẹ̀ ti funfun. Kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

"Ìjàngbọ̀n," ló wí. "Ṣé láyọ̀ lo dé ìsàlẹ̀? Ọkàn mi ò balẹ̀ nítorí kọ́nà yẹn."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó wo Bàbá Télọ̀. "Bàbá, kí ló mú yín kúrò? Ṣé ara yín ò yá ni? Mo dé oríta, mi ò bá yín. Mo ní á jẹ́ pé tààrà ni. Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún méjìlá, ẹ ò kúrò rí."

Bàbá Télọ̀ wo èmi. Gbogbo wọn wo èmi.

Mo kúnlẹ̀. Mo di etí aṣọ ọsàn tó yọ ní síìpù mi mú, mo fà á kó lè rí i. Ó wò ó pẹ́, bó ṣe máa ń wo ẹ́ńjìnnì tó mọ̀ pé kò ní àtúnṣe. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni Bàbá Télọ̀ ti fi sísọ́ọ̀sì àwọn nọ́ọ̀sì gé ẹ̀wù náà kúrò lára mi. Ègé kékeré kan kù sáàárín eyín síìpù. Ó ní òun lè yọ ọ́. Mo ní kó má yọ ọ́. Ó wà níbẹ̀ dòní.

Egungun ọrùn ẹsẹ̀ Bọ̀ọ̀dá ṣẹ́ sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n ki irin bọ̀ ọ́. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ẹsẹ̀ náà kò sì lè tẹ bíréèkì alùpùpù mọ́. Ìyá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ti di ẹrù mi sínú báàgì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń retí mi.

"Kò lọ síbì kankan," ni Bọ̀ọ̀dá wí láti orí àga rẹ̀.

"Lẹ́yìn ohun tó ṣe fún ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá tún ẹ̀rọ oníbàárà ṣe, mo gbọ́dọ̀ gùn ún wò. Ẹsẹ̀ mi ò tẹ bíréèkì mọ́. Tirẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Ibí ló máa wà."

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé àánú nìyẹn, ẹ wá gbé ipò mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Bọ̀ọ̀dá kò bú mi rí. Ó máa ń na ẹsẹ̀ yẹn sórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo sì ní láti fò ó kọjá bí mo bá ń wọlé àti bí mo bá ń jáde. Àwọn oníbàárà á bi í pé kí ló ṣe é. Á ní, "Mo ṣubú." Á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ti máa ń gbàdúrà pé kó sọ òótọ́ fún ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kí n lè sinmi.

Alùpùpù àtijọ́ yẹn kò di tèmi. Mo ti tú u palẹ̀. Mò ń gbé bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ọwọ́ kó lè ṣeé gùn fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Kò tíì ṣe dáadáa. Ó ń há.

Mi ò ní sọ fún yín pé mo ti di ẹni mímọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi iyọ̀ sí tíì Bọ̀ọ̀dá Búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n mo dúró níbẹ̀ tó fi mu ún, mo sì sọ pé èmi ni kó tó béèrè. Ohun tí mo lè bẹ̀ yín nìyí: bí ẹ bá ṣe ẹ̀tàn, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì ń pa yín lẹ́rìn-ín.

Lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ náà tún jáde, ọjọ́ kan péré. Wọ́n ti yí òfin padà. Òpó kì í wo ẹ̀wù nìkan mọ́. Ẹni ìkẹyìn gbọ́dọ̀ dúró, kó ṣí akoto, kí òpó rí ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń yan ẹni tó máa tẹ̀ lé Ọ̀gá Iwájú, tó máa ṣe òpó oríta àkọ́kọ́, Bàbá Télọ̀ ní, "Ìjàngbọ̀n ni."

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kùn. Kò gbọ́ tiwọn.

Wọ́n fi èmi àti alùpùpù tí mo yá sílẹ̀ ní oríta kan láàárín pápá, kò sí igi, kò sí òjìji. Mo na apá. Àwọn kan kọjá láìwò mí. Lẹ́yìn náà kò sẹ́ni mọ́. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, mo rí ẹ̀wù ọsàn lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ń bọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

Mi ò ṣíná. Ó dé iwájú mi, ó ṣí akoto. Bàbá Télọ̀ ni.

"Ó pé," ló wí. "Jẹ́ ká lọ."

"Ẹ̀yin kọ́ ni ẹni ìkẹyìn, bàbá. Bọ̀ọ̀dá Búrẹ́dì ni. Wọn ò tíì kọjá."

"O rí ẹ̀wù, o rí ojú. Kí lo tún ń wá?"

"Bọ̀ọ̀dá Búrẹ́dì."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu bàbá yẹn, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ òkè. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ lórí ọwọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó ká a sápò, ó pa akoto rẹ̀ dé, ó sì lọ.

Táyà Bọ̀ọ̀dá Búrẹ́dì ló ti jò lẹ́yìn. Mo dúró fún wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Oòrùn pa mí, apá mi kú, eṣinṣin bà lé mi nímú. Mò ń ronú pé Àǹtí Nọ́ọ̀sì jókòó lé táyà yẹn fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí.

Mi ò gbé ọwọ́ wálẹ̀.